Ẹ̀rọ Tí Ń Fi Ewì Jíṣẹ́: Láti Ìlù Ààfin Ọ̀yọ́ Dé Orí Asọ̀rọ̀mágbèsì

Bí a bá sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní pé ẹ̀rọ kan wà tí ó máa ń fi ewì ròyìn fún onílé bí nǹkan ti rí nínú ilé rẹ̀, ìlú Jàpáànù tàbí Amẹ́ríkà ni ọkàn wọn yóò kọ́kọ́ lọ. Wọn yóò rò pé ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tuntun tí kọ̀ǹpútà bí ni. Ohun tí mo fẹ́ fi yé ẹ̀yin òǹkàwé wa ni pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀ Ọ̀yọ́ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó gbọ́ orúkọ iná mànàmáná, àti pé kì í ṣe nítorí fáàrí ni àwọn baba wa fi fi ewì sí i lẹ́nu. Ó ní ìdí kan tí ó le, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn rárá.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa bi ara rẹ̀ léèrè pé ìgbà wo ni ìlù di ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí á wo dùndún dáradára. Igi ni a gbẹ́, tí a dá inú rẹ̀ lu, tí àárín rẹ̀ fún, tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì sì fẹ̀. Awọ ọmọ ewúrẹ́ ni a fi bo ojú kìíní àti ojú kejì, ọ̀ṣán ni a sì fi so awọ méjèèjì pọ̀ yí ara igi náà ká. Bí onílù bá fi ọwọ́ tẹ ọ̀ṣán yìí, awọ á le, ohùn á gòkè. Bí ó bá dẹ ọwọ́, ohùn á sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ kejì ni ó fi di kọ̀ǹgọ́ mú. Kì í ṣe gbogbo ìlù inú ẹgbẹ́ náà ni ó ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú kò lè yí ohùn padà bẹ́ẹ̀, adùn ni tirẹ̀. Ìyáàlù tí ó so ṣaworo mọ́ ọrùn ni ó ni ọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ohun tí a fi ọgbọ́n kàn, tí ó ní ibi tí a ń tẹ̀ kí ó tó ṣe báyìí, tí ó sì ní ibi tí a ń dẹ̀ kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ni. Bí ẹnìkan bá kọ̀, kí ó sọ fún mi ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára dùùrù inú ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ẹ̀rọ orin láìjà.

Ṣùgbọ́n ìlù ní àbùkù kan. Kò ní ètè, kò ní eyín, kò ní ahọ́n. Kò lè pe *b*, kò lè pe *k*, kò lè fi ìyàtọ̀ sáàrin *a* àti *ẹ*. Ohùn nìkan ni ó lè mú jáde: dò, re, mí, àti yíyọ́ láti orí ọ̀kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé ọkùnrin kan wà lóko, ó sì fẹ́ kí onílù bá òun ránṣẹ́ sí ìyàwó òun nílé pé *owó tán*. Re mí mí ni ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n *ilé jó*, re mí mí ni. *Iṣẹ́ yá*, re mí mí ni. *Igbá fọ́*, *ọkọ́ kán*, bákan náà ni gbogbo wọn ń dún. Bí onílù bá lu re mí mí tí ó sì dákẹ́, ṣé kí ìyàwó lọ yá owó ni, ṣé kí ó bu omi sáré lọ pa iná ni, àbí kí ó gba ọjà lọ ra igbá mìíràn? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò ní ẹnìkejì lórí ìlù, ẹjọ́ ni yóò dá sílẹ̀.

Nítorí ìdí èyí ni onílù kì í fi í lu ọ̀rọ̀ ní ìhòòhò. Kò ní lu pé owó tán kí ó sinmi. Yóò lu pé owó tán nínú àpò, àpò ti di pẹlẹbẹ, ọlọ́jà ń pè wá, a kò lè jẹ́ ẹ. Re mí mí nìkan ní ẹgbẹ́ púpọ̀ nínú èdè wa, ṣùgbọ́n ogún ohùn tí ó tò tẹ̀léra kò ní ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí gbogbo ará ilé ti mọ̀ láti kékeré ni, tí ó jẹ́ òwe tàbí oríkì, etí wọn á ti gba gbogbo rẹ̀ kí onílù tó dé ìdajì. Ẹ ṣe àkíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Onílù wá ọ̀nà tí iṣẹ́ tí a rán an yóò fi dé láìṣì, ohun tí ó sì bá dé ni ewì. Àwọn tí ń sọ pé ewì jẹ́ ọ̀ṣọ́ tí a fi ń dá ọ̀rọ̀ lára, bóyá wọn kò tíì gbìyànjú láti fi ìlù ránṣẹ́ rí.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀. John Carrington, òyìnbó ìjọ Onítẹ̀bọmi kan tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Kóńgò, kọ ìwé kan ní 1949 lórí ìlù tí ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ará Kele tí ó bá gbé kò ní dùndún. Igi tí a gbẹ́ ihò sí láàrin ni ìlù wọn, ohùn méjì péré ni ó sì ní. Carrington rí i pé àwọn onílù wọn kì í pe òṣùpá ní òṣùpá lásán. Òṣùpá tí ó ń bojú wo ilẹ̀ ni wọ́n máa ń lù, nítorí pé orúkọ òṣùpá nìkan kò yàtọ̀ lórí ìlù sí orúkọ nǹkan mìíràn. Ẹnìkan kò kọ́ ará Kele ní ìlù Ọ̀yọ́, ẹnìkan kò sì kọ́ ará Ọ̀yọ́ ní ti Kele. Ìṣòro kan náà ni ó bá àwọn méjèèjì, ìdáhùn kan náà ni wọ́n sì mú wá.

Ẹ wá fi èyí wé wáyà tí àwọn òyìnbó mú dé. Orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń gba owó wáyà, nítorí náà gígé ni àwọn ènìyàn ń gé e: bàbá kú, wálé. Ìwé náà á dé, ọmọ á sunkún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kí i, kò sí ẹni tí ó ki bàbá rẹ̀. Ìlù kì í ka ọ̀rọ̀ gbowó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé onílù fúnra rẹ̀ kì í kọ owó.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo máa ń ronú lé lórí nígbàkúùgbà tí mo bá ń ka ìwé Yorùbá àtijọ́. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣóògùn, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, ní 1875 sì ni àwọn alùfáà ṣe ìpàdé l'Ékòó lórí bí a ó ti máa kọ èdè náà sílẹ̀. Crowther fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ohùn ṣe pàtàkì, ó sì gbìyànjú láti fi àmì sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tí ń kọ lẹ́tà àti àwọn tí ń tẹ ìwé sọ àmì náà nù díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé lẹ́tà nìkan ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ń kọ. Báyìí ni èdè kan ṣe pín sí méjì. Ìwé mú kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì, ó fi ohùn sílẹ̀. Ìlù mú ohùn, ó fi kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì sílẹ̀. Olúkúlùkù wọn fi ìyókù lé ọgbọ́n ẹni tí ó ń gbà á lọ́wọ́. Ẹni tí ń ka *igba* lórí fóònù rẹ̀ lónìí tí kò mọ̀ bóyá igbá ni tàbí ìgbà, wàhálà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìyàwó tí ó gbọ́ re mí mí.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí á wọ ààfin lọ.

Láàrin 1830 sí 1840 ni Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí dó, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú. Kì í ṣe àwọn ìjòyè nìkan ni ó kó wá, ètò ààfin ni ó kó wá pẹ̀lú, ìlù sì wà nínú ètò náà. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ títí ó fi kú níbẹ̀ ní 1901, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921 pé ìlù kósó ni wọ́n fi ń jí Aláàfin ní ìdájí. Aago ni a bá pe ìyẹn lónìí. Ṣùgbọ́n aago tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wa a máa dún bákan náà fún ọba, fún ìwọ̀fà, àti fún olè tí ó wọlé wá gbé aago náà. Ìlù tí ń jí ọba mọ ẹni tí ó ń jí. Ó ń pè é ní ọmọ ẹni tí ó bí i, ó sì ń rán an létí àwọn tí ó ti jókòó sórí ìtẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ọba tí ó bá jí bẹ́ẹ̀, kò lè ṣe bí ẹni pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé.

Iṣẹ́ kejì ni ti ẹnu ọ̀nà. Títí di òní ni àwọn onílù máa ń wà ní ẹnu ọ̀nà ààfin àwọn ọba wa. Bí àlejò bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, onílù á bẹ̀rẹ̀ sí í ki í, ọba tí ó wà nínú ilé á sì mọ ẹni tí ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé wá sọ fún un. Àlejò rò pé òun ni wọ́n ń yẹ́ sí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na owó. Kò mọ̀ pé wọ́n ti ròyìn òun tán. Bí ìrìn rẹ̀ kò bá dára, onílù lè fi òwe kan há àárín oríkì rẹ̀, kí ọba lè mọ irú ojú tí yóò fi gbà á. Mo ti rí àwọn ilé ńlá ní Ìbàdàn tí wọ́n fi ẹ̀rọ ayàwòrán sí ẹnu géètì. Ẹ̀rọ náà ń fi ojú àlejò hàn onílé. Onílù ààfin ń fi ìdílé àlejò hàn, ó tún ń fi ìmọ̀ràn kún un.

Èyí ni ó fi jẹ́ pé ọba tí kò bá gbọ́ ìlù, ìdajì ìròyìn ilé rẹ̀ kò dé etí rẹ̀. Àwọn ọba kan mọ èyí dáadáa. Ọba Adétóyèsè Láoyè, Tìmì Ẹdẹ, tí ó wà lórí oyè láti 1946 títí di 1975, mọ ìlù lù fúnra rẹ̀. Ó sì kọ àròkọ lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà *Odù* ní 1959, èyí tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá wá kà. Aláàfin Làmídì Adéyẹmí III, tí ó jọba láti 1970 títí ó fi wàjà ní 2022, jẹ́ ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù tí ó sì mọ ìtàn. Ìlù kò lè pa irọ́ fún irú ọba bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba náà lo ọdún púpọ̀ lórí dùndún kí ìwé ńlá rẹ̀ lórí rẹ̀ tó jáde ní 1990.

Nǹkan kan wà níbí tí àwọn tí ń yin ìlù kì í sábà mẹ́nu bà. Àbùkù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, pé ohùn kan lè gbé ọ̀rọ̀ púpọ̀, onílù mọ bí a ti ń fi í ṣe asà. Ó lè lu ọ̀rọ̀ kan tí ẹni tí ó gbọ́ ọn á bínú. Bí wọ́n bá mú un, yóò ní kì í ṣe ohun tí òun lù nìyẹn. Òwe kan tí ó dára ni òun lù, etí ẹni tí ó bínú ni kò mọ́. Ta ni yóò bá a jiyàn? Ohùn kan náà ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí onílù fi lè sọ níwájú ìjòyè ohun tí aládùúgbò kò lè sọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí agbára yìí ti pọ̀ tó, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba gbé ìlù wọ inú ẹ̀rọ.

Ní 1935 ni ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti wáyà ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fa rédíò wọ àwọn ilé l'Ékòó; ní 1939 ó dé Ìbàdàn. Kì í ṣe rédíò tí a lè yí kiri ni. Àpótí kan ni, wáyà ni ó so ó mọ́ ilé iṣẹ́, ohun tí Lọ́ńdọ̀nù bá sọ ni yóò sọ. Bí o bá fẹ́, o lè dín ohùn rẹ̀ kù. O kò lè dá a lóhùn. Àwọn ènìyàn wa wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí adùn rẹ̀ gbà yín lọ́kàn ju ìtumọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ tí kì í gbà kí á fèsì, àwa Yorùbá kì í kà á sí ọmọlúàbí. Onílù ń sọ̀rọ̀, ìwọ náà á fi ijó dá a lóhùn, á fi owó dá a lóhùn, bí ó bá sì bú ọ, ìwọ náà á bú u padà. Àpótí yìí nìkan ni ó wọ ilé ẹni tí ó sì sọ onílé di ọmọdé.

Nígbà tí a dá ilé iṣẹ́ rédíò ti Nàìjíríà gan-an sílẹ̀ ní 1951, wọ́n fẹ́ kí nǹkan kan máa dún tí àwọn olùgbọ́ yóò fi mọ̀ pé ilé iṣẹ́ náà ti jí, pé òun ni ó ń sọ̀rọ̀. Ìlù ni wọ́n yàn. Gángan ni ó ń lu ohùn gbólóhùn èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń pe orúkọ ilé iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí Yorùbá bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: ẹ̀rọ òyìnbó, ìlù Yorùbá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo rẹ̀ láti ròyìn ohun kan ṣoṣo, pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ohùn nìkan ni ìlù ń gbé. Àwọn ará Ìbàdàn gbọ́ ohùn náà, wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni ìbéèrè kan nípa Olúbàdàn: pé bí ó bá wàjà, ta ni yóò jọba lẹ́yìn rẹ̀? Ìtumọ̀ yìí tàn kálẹ̀ títí ọmọdé fi mọ̀ ọ́n. Apanilẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gún nínú. Ní 1936 ni a sọ Baálẹ̀ Ìbàdàn di Olúbàdàn, ìlú náà sì ni ibi tí ìjòyè ti ń gun àkàbà oyè láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí gbogbo ènìyàn fi mọ ẹni tí ó kàn. Kí ẹ̀rọ ìjọba máa jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ó máa bi àwọn ará ìlú léèrè ikú ọba wọn, ọ̀rọ̀ ńlá ni bí ẹnìkan bá sọ ọ́ ní ẹnu. Ìlù sọ ọ́, kò sì sí ẹni tí a lè mú. Ilé iṣẹ́ rédíò kò sọ bẹ́ẹ̀. Onílù kò lù bẹ́ẹ̀. Etí Ìbàdàn ni ó gbọ́ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ọjọ́ náà ni a rí èsì fún asọ̀rọ̀mágbèsì. A kò lè sọ̀rọ̀ padà sínú àpótí náà, ṣùgbọ́n a lè pinnu ohun tí ó sọ.

Àṣà fífi ọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ lẹ́nu yìí kò mọ sí orí rédíò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ní agbègbè Tákíè tí mo ti dàgbà, ìyá kan ní ẹ̀rọ ìlọta tí gbogbo àdúgbò ń lò. Bí ata bá kún ẹnu rẹ̀, ohùn rẹ̀ á wúwo. Bí ata bá ń tán lọ, ohùn rẹ̀ á fúyẹ́, á sì máa yára. Àwa ọmọdé tí a tò pẹ̀lú abọ́ ata lórí máa ń sọ pé ó ń wí pé ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò mọ ohun tí ó ń wí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó ń sọ, nítorí pé nígbà tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí wí bẹ́ẹ̀, ata ẹni tí ó wà níwájú ti ń parí. Lóṣù Ramadan, àwọn ọ̀dọ́ ajísààrì ni wọ́n ń fi orin jí wa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Inú irú orin bẹ́ẹ̀ ni fújì ti jáde wá lẹ́yìn náà. Bàtá náà ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n akólòlò ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tètè yé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Àyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ti ń ṣe é, kí ó wo ìwé tí Amanda Villepastour kọ ní 2010, níbi tí ó ti ṣàlàyé ẹnà tí àwọn onílù náà fi ń kọ́ ara wọn.

Kí ni ó wá wà nínú ilé wa lónìí? Nínú yàrá tí mo ti ń kọ àròkọ yìí, ẹ̀rọ mẹ́rin ni ó ń ké. Inverter ń ké bí bátìrì rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, fíríìjì ń ké bí a kò bá pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, fóònù ń ké, mítà iná pẹ̀lú ń ké bí owó inú rẹ̀ bá fẹ́ tán. Ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní: pí, pí, pí. Bí ó bá di òru tí ọ̀kan bá ké, gbogbo wa á dìde, a óò máa ti ìdí ẹ̀rọ kan bọ́ sí ìdí òmíràn, a óò máa fi etí sí wọn bí ẹni tí ń wá eku. Re mí mí ni ó tún padà wá. Ó tilẹ̀ burú ju re mí mí lọ, nítorí ohùn mẹ́ta ni ìyẹn ní, ohùn kan ni èyí ní. Ìṣòro tí onílù Ọ̀yọ́ ti yanjú ní ayé àtijọ́ ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ tún gbé kalẹ̀ fún wa, wọ́n sì gbà á lówó wa.

Àwọn kan nínú wọn ti gbìyànjú láti fi adùn sí i. Ẹ̀rọ ìfọṣọ Samsung máa ń kọ orin nígbà tí ó bá fọ aṣọ tán. Ohùn orin kan tí Franz Schubert, ará Austria, ṣe ní 1817 ni ó ń lò. Orin náà dùn. Ṣùgbọ́n orin ẹja ni. Ìtàn ẹja kan tí apẹja fi ẹ̀tàn mú nínú odò ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí aṣọ nínú rẹ̀, kò sí ọṣẹ, bí kò ṣe omi nìkan. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ orin náà, ẹja ni yóò gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kò ní gbọ́ nǹkan kan ju pé ó ti parí. Ohùn láìsí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Onílù tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láàfin, wọn á ní kí ó padà lọ kọ́ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré fún àwa tí a ń kọ́ Yorùbá. Láti 2013 ni Google ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Yorùbá, àwọn ènìyàn wa pẹ̀lú ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa fi ohùn Yorùbá sọ̀rọ̀ jáde. Ẹ̀rọ ilé tí yóò máa bá ìyá wa sọ̀rọ̀ ní Yorùbá kò jìnnà mọ́. Ìbẹ̀rù mi ni pé Yorùbá tí wọn yóò fi sí i lẹ́nu yóò jẹ́ Yorùbá wáyà: ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta tí a tú láti inú Gẹ̀ẹ́sì, láìkí ẹnikẹ́ni, láìmọ ẹni tí a ń bá wí. Ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á ní kò sí àkókò fún oríkì. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé oríkì kì í fi àkókò ṣòfò. Òun ni ó ń mú kí iṣẹ́ dé. Ìbẹ̀rù kejì burú ju ìyẹn lọ. Ìlù nìkan kọ́ ni ẹ̀rọ náà, etí tí ń gbọ́ ọ jẹ́ ìdajì rẹ̀. Mo fi ẹnu pa ohùn òwe kan tí kò ṣòro fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì lọ́jọ́ kan, láìpe ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n, ìdílé rẹ̀ sì ni orúkọ wọn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn. Àwa ìyókù tí a ń ka ìwé lórí àwítúnwí àti ìfìrọ́pò nínú ewì Yorùbá jókòó, a ń wo ara wa.

Nígbà tí mo wá sí Ọ̀yọ́ nípa àròkọ yìí, mo rí bàbá onílù kan nítòsí ọjà Akẹ̀sán, níwájú ààfin. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo sì ṣàlàyé inverter fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, nítorí ọmọ rẹ̀ ni ó ń tún un ṣe. Mo bi í bí yóò ti fi ìyáàlù sọ fún onílé pé bátìrì ń tán lọ. Kò gbé ìlù náà sókè. Ó bi mí pé ilé ta ni. Mo ní ilé ẹnikẹ́ni ni. Ó ní kò sí ilé ẹnikẹ́ni. Mo wá sọ ilé bàbá mi fún un, mo pe orúkọ àti oríkì bàbá mi, mo sọ agbo ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà náà ni ó tó gbé ìlù kọ́ èjìká, ó fi àtàńpàkò dán ọ̀ṣán wò, ó sì lù ú ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ọmọ rẹ̀ ni ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi: pé ọmọ a-tanná-fún-àlejò, epo inú fìtílà ń lọ sísàlẹ̀, ẹ tètè wá nǹkan ṣe, kí òkùnkùn má bàá bá yín jẹun pọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá bi í bóyá mo lè lo èyí kan náà fún ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìsẹ́yìn. Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi wá fúnra rẹ̀.